Ìdí Tí Mo Fi Lọ sí Tunis: Ẹ̀rí Ọmọ Kambolé Kan

Ọdún 2019 ni mo pa irọ́ kan fún bàbá mi lábẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́yìnkùlé wa ní Kambolé, ní Tógò. Ó tó ọdún mẹ́rin tí mo fi gbé irọ́ náà kiri lókè òkun, ó sì wúwo ju àpótí ẹrù mi lọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó là mí lóhùn nígbà tí bàbá ṣì wà láàyè. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Kambolé, Tchamba àti Sokodé tí ẹ ń ka ìdí ìrìn-àjò yín lórí ìka, ẹ̀yin ni mo ń jẹ́ ẹ̀rí yìí fún.

Bàbá kì í dá nìkan gbọ́ ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò. Ó pe ìyá mi, ó pe àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, wọ́n tẹ́ ẹní, wọ́n ní kí n jókòó kí n ro tẹnu mi. Ìdí márùn-ún ni mo kà fún wọn. Àkọ́kọ́, èdè Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ni ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní Tunis, olú-ìlú Tùnísíà, kò ní jẹ́ pé mo tún ń kọ́ èdè kí n tó kọ́ iṣẹ́. Ìkejì, ìlú Mùsùlùmí ni. Mọ́sálásí Zitouna tó wà láàárín ìlú àtijọ́ ti ju ẹgbẹ̀rún ọdún lọ, ìrun mi kò ní bọ́. Ìkẹta, owó ilé àti owó oúnjẹ ibẹ̀ kò tó ti Faransé. Ìkẹrin, etí Òkun Mẹditaréníà ni, oòrùn máa ń ràn níbẹ̀, òtútù kò ní hàn mí léèmọ̀ bíi ti àwọn ará Sokodé tó wà ní Jámánì. Ìkarùn-ún, wọ́n ti fún mi ní ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ tí àwa ará Tógò ń pè ní bourse.

Òótọ́ ni mo rò pé mẹ́rin àkọ́kọ́ jẹ́. Ìkarùn-ún ni irọ́, òun sì ni bàbá gbé ara lé. Ó ní, "Tí wọ́n bá ti gbà láti san owó ìwé rẹ, kí ló wá kù tí èmi ò lè ṣe?"

Kò sí bourse kankan. Ìwé kan ṣoṣo tó wà lọ́wọ́ mi ni ìwé ìgbaniwọlé ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan. Ọkùnrin kan tó ń bá èèyàn wá ilé-ẹ̀kọ́ lókè òkun ló bá mi gbà á. Wọ́n dín owó ọdún àkọ́kọ́ kù sí ìdajì, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí gidi tí mo fi fẹ́ lọ, n kò kà á mọ́ márùn-ún rárá. Mo ti fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejì nínú ìdánwò ní Lomé. Sokodé sí Lomé tó nǹkan bí 340 kìlómítà, ọ̀nà náà jìn tó fún irọ́ láti sá pamọ́ sí: gbogbo ilé gbà pé mò ń lọ sí kíláàsì. Ojú ń tì mí. Ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní bi mí pé "ìwé ńkọ́?" ni mo ń wá.

Kí owó ìrìn-àjò mi lè pé, bàbá fi oko kajú rẹ̀ dógò fún ìkórè méje lọ́wọ́ oníṣòwò kan. Mo bá wọn lọ sóko ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fà á lé e lọ́wọ́. Bàbá ń lọ níwájú, oníṣòwò ń tẹ̀ lé e, èmi ni mo gbé kèrègbè omi. Ìdí igi kọ̀ọ̀kan ni bàbá ń dúró sí. Á fi àtẹ́lẹwọ́ kan èèpo rẹ̀, á ní, "Èyí máa ń tètè so." Á tún sún síwájú: "Èyí, ọdún tí ọmọ yìí ń rá ni mo gbìn ín." Nígbà tí a dé ìkángun oko, oníṣòwò so ìrépé aṣọ pupa mọ́ ẹ̀ka igi kan, kí gbogbo ayé lè mọ̀ pé ẹlòmíràn ni yóò máa kórè níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ dé etí ètè mi. Mo gbé kèrègbè fún bàbá, ó mu omi, a sì padà sílé.

Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019 ni mo gba Casablanca dé Tunis. Kí n má purọ́ mọ́ ìlú onílùú: Tunis rẹwà. Ọkọ̀ ojú irin kékeré tí wọ́n ń pè ní TGM máa ń gbéra láti àárín ìlú, á gba orí adágún kọjá, á dé La Goulette, á kọjá Sidi Bou Saïd tí ilé rẹ̀ funfun tí ilẹ̀kùn rẹ̀ sì dà bí ẹ̀lú, títí dé La Marsa. Nígbà ooru, àwọn ọmọkùnrin máa ń ta òdòdó jasmine tí wọ́n fi òwú dì pọ̀, àgbà ọkùnrin á rà á, á fi há etí. Mo fi há tèmi náà, mo dúró ní òpópónà Habib Bourguiba, mo ya àwòrán, mo fi ránṣẹ́ sílé. Ìyá mi gbé fóònù náà dé ọjà, ó ń fi hàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ní ti oòrùn tí mo fi ṣe ìdí kẹrin, ṣé oòrùn wọ́n wa ní Kambolé ni? Oòrùn tó ń gbẹ èlùbọ́ wa lórí àpáta, tó ń la ilẹ̀ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn! Oòrùn Tunis ní oṣù Kìíní máa ń tàn yòò, kò sì ní mú ara ẹni yá. Ògiri yàrá wa ní Ariana, lẹ́bàá Tunis, a máa sun omi ní òru. Èmi àti ọmọ Ṣabẹ kan láti Bẹ̀nẹ̀ la jọ ń gbé ibẹ̀. Ó gbọ́ èdè Kambolé mi, mo gbọ́ tirẹ̀, bùláńkẹ́ẹ̀tì wa méjèèjì la máa ń tẹ́ léra wọn tí a fi ń bora.

Nígbà tó di ọdún kejì, ilé-ẹ̀kọ́ béèrè owó ní kíkún. Mo bẹ̀rẹ̀ sí fọ abọ́ nílé oúnjẹ kan títí di aago kan òru. Ẹni tí kò san owó kò ní ìwé ilé-ẹ̀kọ́ tó pé. Ẹni tí kò ní ìwé ilé-ẹ̀kọ́ kò rí ìwé ìgbélùú gbà. Ẹni tí ìwé ìgbélùú rẹ̀ bá kọjá ọjọ́, ìtanràn 20 dínárì ni lọ́sẹ̀ kan nígbà náà, ó sún mọ́ 4,000 owó CFA, yóò sì san án kó tó lè jáde nílùú. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, bàbá á pè mí lẹ́yìn ìrun, á ní, "Bourse ń wọlé?" Màá ní, "Alhamdulillahi, ó ń wọlé."

Ní ọdún 2022, ẹnìkan tí a jọ ń fọ abọ́ mú mi dé Souk el Berka nínú ìlú àtijọ́. Àwọn oníwúrà ló wà níbẹ̀ báyìí. Ó sọ fún mi pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ta ẹrú rí, àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n kó gba aṣálẹ̀ Sàhárà wá, kí Ahmed Bey tó fòfin de ẹrú níní ní 1846, ọdún méjì ṣáájú Faransé. Mo dúró láàárín ọjà, ẹsẹ̀ mi kò gbé mọ́. Ọmọ àgbègbè Tchamba ni mí. Ní etíkun Tógò, àwọn Ewe tí baba ńlá wọn ra ẹrú láti òkè ọ̀dọ̀ wa ṣì ń bọ Mama Tchamba láti fi tu ẹ̀mí àwọn ẹrú náà lójú. Orúkọ ìlú tó wà nítòsí wa ni wọ́n fi ń rántí àwọn tí wọ́n tà. Kò sí ẹni tó bi àwọn tí wọ́n kó wá sí El Berka léèrè ìdí tí wọ́n fi ń lọ. Èmi, wọ́n tẹ́ ẹní fún mi, wọ́n bi mí, irọ́ ni mo fi dáhùn.

Síbẹ̀ n kò jẹ́wọ́. Àbúrò mi ọkùnrin ló mú kí n jẹ́wọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 ó fi ohùn ránṣẹ́ sí mi pé òun fẹ́ fi lycée, ilé-ẹ̀kọ́ girama rẹ̀, sílẹ̀. Ó ti wo àwòrán mi títí. Ó ní bí òun kò bá rí bourse bíi tèmi, òun á gba Agadez ní Nìjẹ̀r, òun á la aṣálẹ̀ kọjá. "Ẹ̀gbọ́n, mò ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín."

Ní 21 oṣù Kejì ọdún náà, Ààrẹ Tùnísíà sọ̀rọ̀ pé ètò kan wà láti fi àwọn aláwọ̀ dúdú tó ń wọlé lọ́nà àìtọ́ yí irú ènìyàn tó ń gbé orílẹ̀-èdè náà padà. Òfin tó ka ìkórìíra ẹ̀yà léèwọ̀ ti wà níbẹ̀ láti 2018, síbẹ̀ kò pẹ́ tí àwọn onílé fi bẹ̀rẹ̀ sí lé àwọn aláwọ̀ dúdú síta. Gínì, Côte d'Ivoire àti Málì fi ọkọ̀ òfurufú kó ọ̀pọ̀ ọmọ wọn padà sílé. Onílé tiwa fún wa di ìrọ̀lẹ́. Ìyá àgbà kan tó ń gbé ìsàlẹ̀, ọmọ Tunis pọ́ńbélé, ló gbé ẹrù wa pamọ́, tó fún wa ní búrẹ́dì àti epo ólífì. Mi ò ní gbàgbé rẹ̀ láéláé.

Orí ilẹ̀ yàrá ọ̀rẹ́ kan la sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo pe bàbá. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Mo fẹ́ jẹ́wọ́." Mo sọ ti ìdánwò Lomé, mo sọ ti bourse, mo sọ ti abọ́ tí mò ń fọ̀. Ó dákẹ́ títí mo fi rò pé fóònù ti gé. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí ṣírò: "Mẹ́ta ti lọ. Tọdún yìí lẹ́rin, ó wà lórí igi báyìí. Mẹ́ta ló kù." Ó mí kanlẹ̀. "Parí ìwé náà, kí o wá sọ ọ́ lójú wọn níbi tí o ti purọ́ ọ. Gba àbúrò rẹ, sọ fún òun náà."

Mo sọ fún àbúrò mi náà. Ó bi mí pé, "Ẹ̀wù inú àwòrán yẹn ńkọ́?" Mo ní ẹ̀wù ọmọ Ṣabẹ ni, mo yá a wọ̀. Kò sọ̀rọ̀ Agadez mọ́.

Mo gba ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní oṣù Keje, mo san ìtanràn mi, mo padà sílé. Wọ́n tẹ́ ẹní síbi kan náà. Mo sọ ọ́ lójú bàbá, lójú ìyá mi, lójú àbúrò bàbá, lójú oníṣòwò pàápàá. Ìyá mi sunkún. Ọjà tó gbé fóònù dé ló ń rò. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Tèmi kò tó ogún ọdún, ó sì jẹ ìkórè márùn-ún.

Sokodé ni mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, mò ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ lò ó. Owó iṣẹ́ náà la fi ra ìkórè méjì tó kẹ́yìn padà. Ní oṣù Kejì ọdún 2025, bàbá fúnra rẹ̀ tú aṣọ pupa kúrò lára igi.

N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má lọ. Ẹ̀kọ́ dáadáa wà ní Tunis, mo rí ọmọ Tógò tó lọ pẹ̀lú bourse tòótọ́ tó sì yege. Kí ẹ tó lọ, ẹ béèrè iye owó gbogbo ọdún lọ́wọ́ ilé-ẹ̀kọ́, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹ wá AESAT, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Áfíríkà ní Tùnísíà, kí ẹ bi wọ́n bí ayé ṣe rí níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ jókòó síwájú ẹni tó máa fi oko dógò fún yín, kí ẹ ka ìdí yín fún un tán pátá, títí kan èyí tó ń tì yín lójú. Ìdí tí o kò bá lè sọ lójú onítọ̀hún, má ṣe bá a rìn.