Mi Ò Gbọ́ Ọwọ́ Mi Mọ́

Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ gbé pedal náà lé Dádì lọ́wọ́, wọ́n yí i síwá, wọ́n yí i sẹ́yìn, wọ́n ní, "Ṣé kì í ṣe agolo bisikíìtì lèyí?" Agolo bisikíìtì ni lóòótọ́. Àwa méjì, tẹ̀gbọ́n tàbúrò, la lu ihò sí i lára nínú pálọ̀ wọn ní Ìgànmú, tí a fi líìdì jó gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ mọ́ pátákó. Ọ̀kan nínú wa ń kọ kóòdù jẹun, èkejì ń tún fóònù ṣe. Kò sẹ́ni tó mọ jìtá ta nínú wa.

Ọwọ́ ọ̀tún Dádì ló rán wa níṣẹ́. Dádì ti ń gbé Ìgànmú kí ìjọba tó parí Theatre nítorí FESTAC 1977 (ẹ jẹ́ ká ṣì máa pè é ní Theatre, ní 2024 ni wọ́n sọ ọ́ lórúkọ Wọlé Ṣóyínká, àmọ́ àwọn kọ̀ńdọ́ ò tíì gbọ́). Jìtá júùjú ni wọ́n fi tọ́ wa: òde ìsìnkú, òde ìgbéyàwó, ìkómọ, láti Mushin dé Surulere. Nígbà tí rọpárọsẹ̀ kọlù wọ́n, ẹnu padà bọ̀ sípò, ẹsẹ̀ náà ń gbìyànjú, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún ò lágbára mọ́. Ọwọ́ òsì ṣì mọ ibi tó ń lọ lórí okùn. Àtàǹpàkò àti ìfábẹ̀lá ọwọ́ ọ̀tún, ìyẹn ìka méjì tí wọ́n fi ń ta jìtá, ni kò jẹ́ kí ohùn jáde. Tí ọ̀kan bá dún, méjì á pa rẹ́.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ariwo nìkan ni overdrive wà fún. Iṣẹ́ rẹ̀ mìíràn là ń wá. Àwòrán sákíìtì Tube Screamer, èyí tí Ibanez gbé jáde ní ìparí àwọn ọdún 1970, la wò kọ́ tiwa. Chip kékeré kan tó ń jẹ́ 4558 wà níbẹ̀. Alaba la ti rà á. Tí ẹ bá ṣí drive rẹ̀ dópin, ó lè sọ iná tíńtín tó ti ara jìtá wá di ìlọ́po bíi 118. Diode méjì wá dúró lẹ́nu ọ̀nà bíi máígáàdì: tí iná bá ti tó bíi 0.6V, wọ́n á ní ó tó gẹ́ẹ́. Ẹni tó rọra fọwọ́ kan okùn, ohùn rẹ̀ á jáde. Ẹni tó fi agbára ta á, ohùn rẹ̀ ò ní fi bẹ́ẹ̀ ju ti ẹni àkọ́kọ́ lọ. Ṣé ẹ ti rí ìdí tí a fi ronú kan Dádì?

Èyí tí a kọ́kọ́ ṣe dún, ká má parọ́, àmọ́ ó ń sọ̀rọ̀ nímú. Capacitor 0.047µF kan ló fà á: òun àti resistor 4.7k tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kì í jẹ́ kí ohùn tó bá wà lábẹ́ bíi 720Hz gbérí bíi tòkè. Ìyẹn dára fún ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì, torí jìtá béèsì ti gba ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n Dádì ò ní béèsì nínú pálọ̀. Àtàǹpàkò wọn ni béèsì. A yọ ọ́, a fi 0.22µF sí i, ló bá di ẹni tó kó ẹ̀bà sẹ́nu tó tún fẹ́ sọ̀rọ̀. A padà sí 0.1µF, tó gbé ààlà náà wá sí bíi 340Hz. Dádì mi orí. Ẹni tó ń kọ kóòdù nínú wa ló jìyà jù níbí: nínú kóòdù, téèyàn bá ṣàṣìṣe, á dá a padà sí ti àná. Pátákó ò mọ àná. Ìgbà kẹta tí a yọ capacitor yẹn, kọ́pà ìdí rẹ̀ bó; wáyà la fi so ó títí dòní. Bátìrì 9V la sì ń lò, torí tí a bá fi ṣájà sí i nígbà tí jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́, jẹnẹrétọ̀ là ń gbọ́ nínú jìtá.

Odindi wákàtí kan ni Dádì fi ta jìtá lálẹ́ Sátidé yẹn. Àwọn ará ilé wá dúró sẹ́nu ọ̀nà. A fi fóònù gbà á sílẹ̀, a fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí.

Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n pè wá. "Ẹ wá yọ nǹkan yìí kúrò."

A rò pé ó ti bàjẹ́ ni.

"Kò bàjẹ́. Irọ́ ló ń pa."

Wọ́n ní ẹni tó ń bá wọn na ọwọ́ ní ọsibítù ti ní kí wọ́n máa kíyè sí ìka tó bá ń lágbára sí i. Kí pedal tó dé, etí ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. "Ní báyìí, èyí tó kú, èyí tó yè, bákan náà ni gbogbo wọn ń dún. Mi ò gbọ́ ọwọ́ mi mọ́."

Ó dùn wá, torí ìparí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi ṣe é. A kọ́kọ́ sọ láàárín ara wa pé àgbà ló dé, pé wọn ò fẹ́ ohun ìgbàlódé. Irọ́ tiwa nìyẹn. Ẹni tó fi pedal steel Démọ́lá Adépọ̀jù nínú àwo Juju Music tí Sunny Adé gbé jáde ní 1982 rẹ̀ wá lẹ́kún láti kékeré kì í ṣe ọ̀tá wáyà. Àwa la fẹ́ bo àìlera wọn mọ́lẹ̀ kí ojú wa má baà rí i. Fídíò yẹn, àwa ló tù nínú.

A ò yọ diode àkọ́kọ́ dànù ṣá. A fi swíìsì kékeré kan sí i, a so LED pupa méjì mọ́ apá kejì. LED pupa kì í ní ó tó àfi tí iná bá sún mọ́ 1.7V, nítorí náà àyè wà fún ohùn: èyí tó rọ̀ á rọ̀, èyí tó le á le. Lọ́jọ́ ìsinmi ní ṣọ́ọ̀ṣì, Dádì á yí i sí apá diode. Nílé, apá LED ni.

Ohun kan wà tí a ò rò tẹ́lẹ̀. Tí okùn bá jẹ ọwọ́ gidi, LED yẹn máa ń tàn fírí, iná bíńtín bíi ti tannátanná. A tún lu ihò méjì sí ìdérí agolo kí Dádì lè máa rí i. Áńpù kékeré wọn náà ń lo bátìrì, torí náà tí NEPA bá ti mú iná lọ, a ó pa tọ́ọ̀ṣì, a ó jókòó tì wọ́n, a ó máa wò ó. Àtàǹpàkò ti ń tàn án dáadáa. Ìfábẹ̀lá, ẹ̀ẹ̀mejì ni lọ́sẹ̀ tó kọjá. Dádì ní ẹ̀ẹ̀mẹta ni, pé a ò fojú sílẹ̀ ni.