Abiyamọ Tí Kò Rí Oorun Sùn

Ẹ̀gbọ́n ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, Abẹ́òkúta, kò sì gbé ìlú mìíràn rí. Àbúrò rẹ̀ obìnrin jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn abiyamọ tí àìsàn ọpọlọ bá kọlù. Ó wálé wá kí wọn.

Ẹ̀GBỌ́N: Ọ̀rọ̀ ìyàwó ẹ̀yìnkùlé wa ni mo fẹ́ kí o bá mi dá sí. Láti ìsọmọlórúkọ ni kò ti fojú ba oorun. Ọ̀rọ̀ ń jáde lẹ́nu rẹ̀ bí omi ẹ̀rọ, ó ní ọmọ tó wà lọ́wọ́ òun kọ́ ni òun bí, pé wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀. Lánàá ni àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Alẹ́ òní ni wọ́n fẹ́ gbé òun náà lọ sílé àdúrà.

ÀBÚRÒ: Ṣé ara rẹ̀ ń gbóná? Ṣé gìrì mú un? Ẹ̀jẹ̀ ríru ńkọ́, nígbà tó wà nínú oyún?

Ẹ̀GBỌ́N: Kí ló pa ìyẹn pọ̀ mọ́ ohun tí mò ń sọ? Orí ni mo ní ó dàrú.

ÀBÚRÒ: Àǹtí mi, ibà tó le, àkóràn ilé ọmọ àti ẹ̀jẹ̀ ríru lè mú kí abiyamọ máa sọ kántankàntan. Dókítà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ gbogbo ìyẹn wò. Bí kì í bá ṣe wọ́n, a jẹ́ pé àbísínwín ni. Nínú obìnrin 1,000 tó bímọ, 1 tàbí 2 ló máa ń ṣe, ó sì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ 2 àkọ́kọ́. Kò ṣeé fi di ọ̀la. Ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́ láàárọ̀ lè ti máa sá kiri ìgboro kó tó di ọ̀sán.

Ẹ̀GBỌ́N: Ṣé o rò pé a ò mọ àbísínwín ni? Ìyá wa àgbà ti mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó bí ìwọ. Egbò asofẹ́yẹjẹ ni wọ́n ń fún wọn mu, wọ́n á sì sùn.

ÀBÚRÒ: Òótọ́ lẹ sọ, mi ò sì jẹ́ fojú tín-ínrín ìmọ̀ yẹn. Ohun tí wọ́n ń pè ní reserpine wà nínú egbò igi náà, àwọn dókítà òyìnbó fúnra wọn sì fi reserpine tọ́jú ìsínwín ní àwọn ọdún 1950. Ṣùgbọ́n ó lè fa ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ jù, kò sí ẹni tó lè sọ bó ṣe pọ̀ tó nínú ife àgbo kan, obìnrin yìí sì ń fún ọmọ lọ́mú. Oògùn tó dára jù ú lọ ti wà, dókítà sì mọ èyí tí kò ní pa ọmọ lára. Ohun tí mi ò lè fara mọ́ láéláé ni ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ àti pàṣán tí wọ́n ń fi kún àgbo.

Ẹ̀GBỌ́N: Kì í ṣe oníṣègùn nìkan. Àwọn ilé àdúrà náà ń dè wọ́n mọ́lẹ̀.

ÀBÚRÒ: Mo mọ̀. Lọ́dún 2019, àjọ ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọnìyàn Human Rights Watch gbé ìwádìí jáde lórí àwọn tí wọ́n dè mọ́lẹ̀ ní Nàìjíríà. Wọ́n bá wọn nílé oníṣègùn, nílé ìjọsìn, àní ní ibùdó ìjọba pàápàá. Ẹ jẹ́ n sọ èyí tó ń dùn mí jù. Àìsùn ló máa ń ṣíwájú àìsàn abiyamọ yìí, àìsùn náà ló sì ń dá kún un. Ẹ wá fẹ́ gbé ẹni tí kò sùn láti ọjọ́ wọ̀nyí lọ síbi ìṣọ́ òru, kó gbààwẹ̀, kí wọ́n máa lu agogo sí i létí! Ẹni bá fẹ́ gbàdúrà, kó bá a ní ọsibítù. Kó gbà á kúkúrú, kó sì jẹ́ kó sùn.

Ẹ̀GBỌ́N: Wọn ò ní gbà. Kì í ṣe pé wọn ò mọ ọ̀nà ọsibítù ọpọlọ ní Aro o. Ẹni tí yóò rí wọn lẹ́nu géètì ni wọ́n ń sá fún. Ṣé o ti gbàgbé bí a ṣe ń ṣèwádìí ká tó fọmọ fọ́kọ ni? Wèrè, wárápá, ẹ̀tẹ̀, ohun tí a kọ́kọ́ ń bèèrè nìyẹn. Wèrè dùn-ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Ta ni kò mọ òwe yẹn? Obìnrin yìí ní àbúrò méjì tí wọn ò tíì lọ́kọ. Ìyá rẹ̀ tilẹ̀ fà mí sí kọ̀rọ̀, ó ní irú rẹ̀ ṣe òun náà nígbà tí òun bí àkọ́bí, pé wọ́n kìlọ̀ fún òun kí òun má sọ ọ́ síta títí òun yóò fi kú.

ÀBÚRÒ: Háà! Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Àìsàn yìí máa ń rìn nínú ẹbí nígbà mìíràn. Ẹni tó bá sì ti ṣe rí, nínú irú wọn 2, ó ṣeé ṣe kó tún ṣe 1 nígbà tó bá tún bímọ. Ká ní àwọn tó gbẹ̀bí ọmọ yìí mọ ohun tó ṣe ìyá rẹ̀ ni, wọn ì bá ti máa ṣọ́ ọ láti ọjọ́ kìíní. Ẹlòmíràn ì bá máa gbé ọmọ lóru kí ìyá lè sùn. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ nítorí ọmọbìnrin wọn, ìpamọ́ yẹn ló sì jẹ́ kí àìsàn bá a láìròtẹ́lẹ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: Ṣé kí ìyá rẹ̀ wá máa kéde ara rẹ̀ fún alárenà?

ÀBÚRÒ: Rárá. Dókítà, agbẹ̀bí àti ọkọ rẹ̀ ni kó mọ̀. Àwa tí à ń ṣèwádìí ló yẹ ká yí ìbéèrè wa padà. Ká bèèrè pé nígbà tí àìsàn dé, báwo ni wọ́n ṣe ṣe fún ẹni wọn? Ẹbí tó bá tọ́jú aláìsàn rẹ̀ dáadáa, èmi á fọmọ fún wọn tayọ̀tayọ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: Ìyá wa máa ń gbé ẹ̀kọ lọ sí àwọn abúlé tó yí Aro ká. Wọ́n ní o ò lè mọ aláìsàn yàtọ̀ nínú àwọn tó ń rà á.

ÀBÚRÒ: Iṣẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adeoye Lambo nìyẹn, ọmọ Abẹ́òkúta tí wọ́n bí lọ́dún 1923. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ní Aro lọ́dún 1954, kò dúró de kí wọ́n kọ́ ọsibítù parí. Ó ní kí àwọn ará abúlé gba aláìsàn sílé, kí wọ́n máa gbowó ilé. Ṣùgbọ́n aláìsàn kò gbọ́dọ̀ dá wá. Ìyá, ẹ̀gbọ́n tàbí ìbátan kan gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e, kó máa se oúnjẹ fún un, kó máa fọṣọ rẹ̀, kó máa mú un lọ gba ìtọ́jú. Ó tún pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra. Lọ́dún 1961, Abẹ́òkúta yìí ni àwọn dókítà ọpọlọ láti oríṣiríṣi ilẹ̀ Áfíríkà ti ṣe àpérò wọn àkọ́kọ́. Lambo fúnra rẹ̀ di igbákejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé nígbà tó yá. Níbi iṣẹ́ mi, ìyá àti ọmọ la jọ ń gbà sí wọ́ọ̀dù. Bí ìyá ò bá lè gbé ọmọ, nọ́ọ̀sì á gbé e níṣojú rẹ̀. Owó ńlá ni wọ́n ń ná sí i. Ìlú tiwa ti mọ̀ tipẹ́ pé a kì í yọ aláìsàn kúrò láàárín àwọn ènìyàn rẹ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: Lọ́ńdọ̀nù ti wá dára jù bẹ́ẹ̀.

ÀBÚRÒ: Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ Yorùbá lọ́hùn-ún náà ń fi í pamọ́. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé ìjọba á gba ọmọ wọn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, iye ìgbà tí wọ́n ń fi òfin dá ènìyàn dúdú dúró sí ọsibítù ọpọlọ ju ìlọ́po 3 ti òyìnbó lọ. Àwọn mìíràn kì í dé ọ̀dọ̀ wa títí ọlọ́pàá á fi gbé wọn wá. Ìyá wọn wà nílé níbí, kò rí físà gbà, kò sì sí ẹni tí yóò bá wọn wẹ ọmọ.

Ẹ̀GBỌ́N: Ó dáa. Bó bá tún sọ pé wọ́n pààrọ̀ ọmọ, kí ni kí n dá a lóhùn?

ÀBÚRÒ: Ẹ má bá a jiyàn, ẹ má sì gbè é lẹ́sẹ̀. Ẹ sọ fún un pé ẹ rí i pé ẹ̀rù ń bà á, pé ẹ ò ní fi í sílẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí òun àti ọmọ dá wà rárá, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó máa rí ọmọ náà. Nípa ti òfin ìlera ọpọlọ ní Nàìjíríà níbí, Ààrẹ ìgbà náà buwọ́ lu èyí tuntun ní oṣù kìíní ọdún 2023, tó rọ́pò òfin wèrè ayé àwọn òyìnbó amúnisìn. Ó dára, ṣùgbọ́n àwa aládùúgbò ló máa kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: Owó oògùn ńkọ́? Ẹgbẹ́ wa lọ́jà ń dáwó fún ìkómọ, fún òkú, fún ẹni tí ọkọ̀ gbá. Mi ò rántí ọjọ́ tí a dáwó fún ẹni tó lọ Aro.

ÀBÚRÒ: Ẹ fi eléyìí bẹ̀rẹ̀. Èyí tó le jù nínú rẹ̀ máa ń gba ọ̀sẹ̀ 2 sí 12, àmọ́ kí ara tó bọ̀ sípò lè gba oṣù 6 sí 12, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń yá pátápátá. Ẹni tó dá oògùn dúró nítorí owó, tàbí nítorí wọ́n ní ara rẹ̀ ti yá, ló sábà ń padà sí i. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn sì lè tẹ̀ lé e nígbà tí àwọn olùwòran bá ti túká. Ìgbà yẹn gan-an ni kí ẹ máa yà kí i. Bó bá padà sídìí ọjà rẹ̀, kí ẹ rà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: Dìde, ká lọ. Ọkọ rẹ̀ máa ń gbọ́ tèmi. Ìwọ ṣàlàyé fún un, èmi á bá ìyá ọkọ sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá dá a dúró sí Aro, èmi ni màá bá a sùn níbẹ̀. Àwọn ọmọ á máa bá mi ta ọjà.

ÀBÚRÒ: Ẹ mú káàdì oyún rẹ̀ dání, kí wọ́n sì sọ gbogbo àgbo tí wọ́n ti fún un mu. Ẹ pe ìyá rẹ̀ náà kó bá wa lọ. Mo fẹ́ kí dókítà gbọ́ láti ẹnu rẹ̀ ohun tó ṣe é nígbà tó bí àkọ́bí.