Àwo Màmá àti ọdún tí mo kọ sí i

Ẹ fún mi láyè díẹ̀ lónìí, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi láti bí oṣù mẹ́ta. Ó gùn díẹ̀ o, ẹni tí ọbẹ̀ ẹ̀ wà lórí iná kó lọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ná.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé àwo orin àtijọ́ ni mò ń rà tí mò ń tà. Rẹ́kọ́ọ̀dù. Háíláìfù ni mo fẹ́ràn jù: Bobby Benson, Victor Olaiya, Roy Chicago, àwọn ẹgbẹ́ onífèrè tí àwọn bàbá wa ń wọ kóòtù lọ jó sí. Òkè òkun ni ọ̀pọ̀ oníbàárà mi wà, wọn kì í sì í kọ́kọ́ bi mí bóyá orin náà dùn. "Ọdún wo ni?" ni wọ́n máa ń bèèrè.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ àwo ìgbà yẹn ò ní ọdún lára rárá. Orúkọ ẹgbẹ́, orúkọ orin, orúkọ iléeṣẹ́, nọ́ńbà. Ó tán.

Mo lọ kí Màmá, ìyá tó bí bàbá mi, ní Òkè-Àdó. Ojú ń dùn wọ́n nígbà yẹn, dókítà ti ní kí wọ́n wá ṣe iṣẹ́ abẹ, owó ni ò tíì pé. Wọ́n ní kí n ṣí àpótí, kí n wo abẹ́ aṣọ òfì. Àpò pépà kan ló wà níbẹ̀, àwo wà nínú ẹ̀.

"Bàbá yín àgbà ló ra ìyẹn lọ́jọ́ òmìnira. Olaiya ni. Gbé e lọ tà, Àkànbí, kẹ́ ẹ fi kún owó ojú."

Mo wo àpò náà. Òǹtẹ̀ ṣọ́ọ̀bù wà lára ẹ̀, iye owó wà níbẹ̀ ní ṣílè. Ìwé ọwọ́ Bàbá náà wà níbẹ̀, yíǹkì ti ń pọ́n: orúkọ wọn, àti 1/10/60. Kí ni mo tún ń wá? Ẹgbẹ́ Olaiya gan-an sì wà lára àwọn tó ṣeré níbi ijó òmìnira. Mo ya fọ́tò, mo kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà: 1960. Kó tó di alẹ́, ọkùnrin kan ní Jámánì ti sanwó. Owó yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì owó iṣẹ́ abẹ.

Ní ọjọ́ kejì ló kọ̀wé sí mi. Ó ní jọ̀ọ́, íǹṣì mélòó ni àwo náà? Nọ́ńbà wo ni wọ́n fín sí ibi tó ń dán, láàárín ibi tí orin parí sí àti pépà róbótó àárín? Nọ́ńbà yẹn ni iléeṣẹ́ fi ń dá orin tí wọ́n gbà sílẹ̀ mọ̀, kì í ṣe ti ọjà lásán. Ẹni tó bá ń bèèrè rẹ̀, ó mọ ohun tó ń ṣe.

Mo mú rúlà. Íǹṣì 7.

Àpò náà ńkọ́? Íǹṣì 10.

Háà. Ojú tì mí. Mo ti yọ àwo yẹn, mo ti dá a padà bí ẹ̀ẹ̀mẹrin, ó ń yọ̀ kiri nínú àpò bí ọmọdé tó wọ agbádá bàbá ẹ̀, mi ò béèrè nǹkan kan.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Àwo íǹṣì 10 tí àwọn àgbà mọ̀, èyí tó ń yípo ní ìgbà 78 ní ìṣẹ́jú kan, ṣẹ́láàkì ni. Ó wúwo, tó bá sì jábọ́ ó máa fọ́ bí àwo ìjẹun. Kékeré íǹṣì 7 ní tiẹ̀ máa ń yípo ní 45, kì í tètè fọ́. Méjèèjì ló wà lọ́jà lásìkò òmìnira, torí náà ìwọ̀n nìkan ò tó dájọ́. Ṣùgbọ́n pépà àárín àwo tí mo ní lọ́wọ́ kọ All Stars. Cool Cats ni ẹgbẹ́ Olaiya ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. 1963 ni wọ́n di All Stars, nígbà tí wọ́n lọ ṣeré níbi àjọ̀dún orin jáàsì ní Czechoslovakia. Ta ló fẹ́ ra àwo All Stars ní 1960?

Ohun tó yẹ kí n ti ṣe rèé: nǹkan tó dé kẹ́yìn lára àwo ni kéèyàn wá, torí àwo ò lè dàgbà jù ú lọ. Tó bá jẹ́ Ghana ni wọ́n kọ, tí kì í ṣe Gold Coast, 1957 ni kó o ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Tí iye owó bá wà ní náírà, 1973 ni. Fọ́tò lè tàn ẹ́ o: o lè rí mọ́tò tó ń gba ọwọ́ òsì lára páálí, kó o ní ó ti ṣáájú April 1972 tí a yí sọ́wọ́ ọ̀tún. Fọ́tò ló ṣáájú. Wọ́n lè tẹ àwo náà lọ́dún mẹ́wàá lẹ́yìn ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àpò: àpò ń sọ ọjọ́ orí àpò.

Mi ò ní parọ́ fún yín, ó ṣe mí bíi kí n dákẹ́. Owó ojú Màmá ni. Mo lè ní mi ò rí nọ́ńbà kankan. Mo sùn lé e lórí, oorun náà ò tiẹ̀ wá. Ní àárọ̀ mo sọ òótọ́ fún ọkùnrin náà, mo dá owó padà. Ó dúpẹ́. Ó ní òun ṣì máa ra àwo kékeré náà ní iye tó tọ́ sí i, èyí tí ò tó ìdá mẹ́rin owó àkọ́kọ́, ó kàn fẹ́ kí n fi àpò náà sí i.

Mo padà sí Òkè-Àdó. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé àwo yìí ló wà nínú àpò yìí látìbẹ̀rẹ̀?"

Wọ́n dákẹ́ títí. Nígbà tó yá, wọ́n rẹ́rìn-ín. "Bàbá ẹ ló jókòó lé e."

Bàbá mi! Ó ń lọ bí ọmọ ọdún mẹ́rin. Àwo wà lórí àga, ó jókòó, ó fọ́ sí mẹ́ta. Wọ́n ní Bàbá àgbà ò lù ú, wọn ò jágbe, wọ́n kàn ṣa àwókù náà, wọ́n bá jáde nílé di alẹ́. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ni wọ́n ra kékeré wá. Orin ibẹ̀ gan-an yàtọ̀.

"Èmi ni mo kì í bọ̀ ọ́. Mi ò fẹ́ kí àpò wọn ṣófo. Nígbà tó pẹ́, èmi náà gbàgbé pé òun kọ́."

Mo ta kékeré fún ará Jámánì, láìsí àpò. Èmi àtàwọn àbúrò bàbá mi dá ìyókù owó, wọ́n ti ṣe ojú ọ̀tún, ó kù ti òsì.

Màmá ní kí n bá àwọn wá nǹkan fi sínú àpò. Mo rí àwo ṣẹ́láàkì íǹṣì 10 kan tó ti sán, tí ò ṣeé gbé sí abẹ́ abẹ́rẹ́ mọ́. Wọ́n gbé e lé ọwọ́, wọ́n ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, bó ṣe wúwo nìyí."

Kí n tó dá a padà sínú àpótí, mo fi pẹ́ńsù kọ ọ́ kékeré sí ẹ̀yìn àpò pé àwo inú ẹ̀ kọ́ ló ni ín, mo sì kọ déètì ọjọ́ náà sí i.