Ọmọ Ògbufọ̀

Ní Oakleigh, ní ìlú Melbourne, ilé àwọn Gíríìkì kì í pamọ́. Níbi tí aládùúgbò gbin koríko sí, igi ólífì àti igi ọ̀pọ̀tọ́ ló wà níbẹ̀, tòmátò sì so jìngbìnnì lára igi tí wọ́n fi gbé e ró. Ní igun pálọ̀, àtùpà kékeré ń jó níwájú àwòrán Màríà ìyá Jésù. Gíríìkì ni wọ́n ń sọ nínú ilé. Téèyàn bá ti ṣí géètì bọ́ sójú títì, ó di Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ ilé ló ń rìn láàárín méjèèjì, pàápàá láàárín 1960 sí 1980, nígbà tí ẹsẹ̀ àwọn òbí kò tíì fi bẹ́ẹ̀ rinlẹ̀.

Ogun Àgbáyé Kejì àti ogun abẹ́lé tó tẹ̀ lé e ti ba ìgbèríko àwọn òbí wọ̀nyí jẹ́ ní Gíríìsì. Wọ́n wọkọ̀ ojú omi ní èbúté Piraeus lọ sí Ọsirélíà. Láti ìparí 1959, Patris wà lára àwọn ọkọ̀ tó ń kó wọn. Ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ni ọ̀pọ̀ bọ́ sí, iṣẹ́ ọ̀sán, iṣẹ́ òru. Ìgbà wo ni wọn yóò wá kọ́ Gẹ̀ẹ́sì?

Ẹ wo ọmọbìnrin ọdún mẹ́sàn-án ní ọ́fíìsì dókítà. Ìyá rẹ̀ di báàgì mú sórí itan. Dókítà ń bá ọmọ sọ̀rọ̀, ìyá ń wo ẹnu ọmọ. Ọ̀rọ̀ nǹkan oṣù, ọ̀rọ̀ oyún tó bàjẹ́, gbogbo rẹ̀ gba ẹnu ọmọ kọjá. Bí ọ̀rọ̀ dókítà bá le jù, á dín in kù. Bí ìyá bá fi ìbínú sọ̀rọ̀, á fi “ẹ jọ̀ọ́” kún un. Lálẹ́, lẹ́tà báǹkì ń dúró dè é lórí tábìlì. Síbẹ̀, bí àwọn àgbà bá ń sọ̀rọ̀ nínú ilé kan náà, wọn á ní kó dákẹ́, ọmọdé ni. Ẹrù yìí ló dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ wọn. Ní 1973, ìjọba Ọsirélíà dá iṣẹ́ ògbufọ̀ orí tẹlifóònù sílẹ̀, àmọ́ ọmọ ló ṣì wà nítòsí, ta ló sì fẹ́ tú àṣírí ilé fún àjèjì?

Orúkọ pàápàá pé méjì. Àkọ́bí ọkùnrin sábà máa ń jẹ́ orúkọ bàbá bàbá rẹ̀: Dimitrios nílé, Jim ní ilé ẹ̀kọ́. Ní Sátidé tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbá bọ́ọ̀lù, kíláàsì Gíríìkì ló wà.

Ní òru Àjíǹde, láago méjìlá, àlùfáà á gbé iná jáde, wọn á tàn án láti àbẹ́là dé àbẹ́là. Ọmọ ló ń fọwọ́ bò ó ní ìjókòó ẹ̀yìn mọ́tò kí afẹ́fẹ́ má pa á, títí wọn yóò fi délé fi èéfín rẹ̀ ya àgbélébùú sókè ilẹ̀kùn. Ní Gíríìsì, òdòdó ń yọ lásìkò náà. Ní Melbourne, ewé ń rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ náà ti lé ní ọgọ́ta ọdún báyìí. Àìsàn ìgbàgbé ti gba ìwọ̀nba Gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu àwọn òbí kan, èdè abúlé nìkan ló ṣẹ́ kù. Nọ́ọ̀sì á béèrè ibi tó ń dùn wọ́n, ọmọ á tún túmọ̀ rẹ̀. Ilé ìtọ́jú arúgbó tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń sọ Gíríìkì wà ní Melbourne lónìí, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀: ó yẹ kí ọmọ lè wá kí ìyá rẹ̀ láìṣe iṣẹ́ kankan.