Ohun tí Ojú Mi Rí Lọ́wọ́ Kọ̀ǹpútà

Ó pẹ́ tí olóòtú wa ti ń dọdẹ mi pé kí n kọ nǹkan sí ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa, tí mo ń sọ pé n kò ní ìtàn. Ó dé, mo ti ní ìtàn wàyí. Mo sì mọ̀ pé kì í ṣe èmi nìkan ni irú rẹ̀ ń ṣe, nítorí ojú tí àwọn kan nínú yín ń gbé wá sí ìpàdé Sátidé, n kò rò pé òtútù nìkan ló fà á.

Àwọn tó mọ̀ mí mọ̀ pé orí àwọn ìyá aláró ní Abẹ́òkúta ni iṣẹ́ ìwádìí mi dá lé. Nígbà tí mo lọ sílé, mo gba ohùn ìyá 14 sílẹ̀, ó tó wákàtí 19. Wọ́n sọ ti ẹlú àti ìkòkò aró, ṣùgbọ́n ẹnu kì í dúró sójú kan: wọ́n sọ ti gbèsè, ti orogún, ti ọmọ tó lọ tí kò padà wá. Kí n tó tan ẹ̀rọ ni mo ti ṣèlérí fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn pé ohùn wọn kò ní kúrò lọ́dọ̀ mi. Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, ọ̀kan nínú wọn di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Ọmọ mi, ohun tí mo bá ọ sọ, ìwọ ni mo bá sọ ọ́ o."

Ìlérí yìí ló sọ mí di ẹni tí ń bá kọ̀ǹpútà jà. Àwọn ibì kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọn yóò sọ ohùn di ìwé fún ènìyàn kíákíá, ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ohùn náà ránṣẹ́ sí wọn. Whisper, tí ilé iṣẹ́ OpenAI gbé jáde ní 2022, ṣeé lò lórí kọ̀ǹpútà ẹni láìfi ohùn ránṣẹ́ síbì kankan, Yorùbá sì wà lára àwọn èdè rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí bọ́tìnnì tí a ń tẹ̀ o. Inú fèrèsé dúdú tí wọ́n ń pè ní terminal ni ènìyàn ti ń kọ àṣẹ sí i.

Ní ọjọ́ kìíní, mo tẹ pip install openai-whisper. (Ẹ má tẹ whisper lásán o; nǹkan mìíràn ni ìyẹn, kò mọ ohùn ènìyàn rárá.) Kọ̀ǹpútà mi, tó ń lo Ubuntu 24.04, kọ̀ jálẹ̀: externally-managed-environment. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé Python tí Ubuntu fi ń ṣe iṣẹ́ ilé ara rẹ̀ ni mo fẹ́ di ẹrù lé lórí, onílé kò sì gbà. Ó ní kí n kọ́ yàrá tèmi lọ́tọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní venv. Mo tẹ python3 -m venv .venv, mo tẹ source .venv/bin/activate, (.venv) sì yọ níwájú ìlà. Mo gbé ẹrù mi wọlé. Ẹrù náà pọ̀ débi pé mo se ìrẹsì, mo jẹ ẹ́, mo fọ abọ́, kò tíì tán. Nígbẹ̀yìn mo tẹ whisper --help, ó dáhùn. Inú mi dùn, mo tún ilé ṣe kí n tó sùn: fódà tí mo kó gbogbo rẹ̀ sí, idanwo ni mo ti ń pè é, mo yí orúkọ rẹ̀ padà sí iwadii, nítorí iṣẹ́ ti di iṣẹ́ gidi.

Ilẹ̀ mọ́. Mo tún tẹ àṣẹ activate, (.venv) yọ bí ti àná. Mo tẹ whisper: command not found. Mo ní bóyá kò wọlé dáadáa, mo tún tẹ pip install, àfi externally-managed-environment! Ẹ gbà mí! Inú yàrá mi ni mo wà, àmì rẹ̀ wà níwájú mi, onílé sì ń sọ fún mi pé ìta gbangba òun ni mo dúró sí.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi wà lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìdáhùn tí mo kà ní kí n fi --break-system-packages kún àṣẹ náà. Ìyẹn ni pé kí n fipá da ẹrù mi pọ̀ mọ́ ti onílé, bí wọ́n bá kọlu ara wọn kí n lọ fi orí gbá a. Gbogbo iṣẹ́ mi wà lórí kọ̀ǹpútà yìí, ẹ̀rù bà mí. Ọ̀gá mi sì fẹ́ rí ohun tí mo ti ṣe ní ọjọ́ Ajé. Ní alẹ́ Sátidé, mo ṣí ọ̀kan nínú àwọn ibi orí íntánẹ́ẹ̀tì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Mo wá ohùn ìyá tó di ọwọ́ mi mú, ó ku kí n fi í ránṣẹ́. Mo jẹ́wọ́ fún yín, kì í ṣe ìwà rere ló dá mi dúró. Ọwọ́ mi ló ṣèèṣì tẹ fáìlì náà lẹ́ẹ̀mejì, tí ohùn ìyá fi jáde, tó ń bi mí bóyá mo ti jẹun. Mo pa gbogbo rẹ̀ dé.

Mo wá pe ẹ̀gbọ́n kan nínú ẹgbẹ́ wa tó ń ka ìmọ̀ ẹ̀rọ. Ó ti yẹ kí n pè wọ́n láti ọjọ́ kìíní, ṣùgbọ́n ojú ń tì mí, èmi tí mo máa ń fi àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ṣe yẹ̀yẹ́ pé wọn kò lè kọ lẹ́tà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé ilẹ̀ ti ṣú."

"Kò sí wàhálà, àbúrò. Tẹ which pip, kí o kà á sí mi létí."

/usr/bin/pip ni mo rí.

"Ṣé o rí i? O kò sí nínú yàrá kankan. (.venv) tí ò ń wò yẹn, ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà ni. Kí lo yí padà?"

Mo ní n kò yí nǹkan kan padà. Wọ́n ní kí n tẹ head -1 .venv/bin/whisper. Ìlà kan ṣoṣo jáde, idanwo sì wà láàrin rẹ̀ gbangba. Mo pariwo.

Bí a bá kọ́ venv, ńṣe ló ń kọ àdírẹ́sì ibi tó wà, láti òkè délẹ̀, sínú activate àti sí ìlà kìíní àwọn àṣẹ bíi whisper. Mo yí orúkọ fódà padà, wọ́n sì ń lọ sí àdírẹ́sì àtijọ́. Kọ̀ǹpútà kò rí ilé náà mọ́, kò sì sọ fún mi. Ó kàn yà sọ́dọ̀ onílé. Ẹ̀gbọ́n ní a kì í tún irú ilé bẹ́ẹ̀ ṣe, wíwó ni. Ṣùgbọ́n Python inú rẹ̀ ṣì ń dáhùn bí a bá pè é ní tààrà, nítorí náà .venv/bin/python -m pip freeze > requirements.txt fún mi ní àkọsílẹ̀ gbogbo ẹrù. Mo pa .venv rẹ́, mo kọ́ òmíràn, mo wọlé, mo sì tẹ python -m pip install -r requirements.txt. Wọ́n ní kí n máa tẹ̀ ẹ́ báyẹn, python ṣáájú pip, kó má baà jẹ́ pe pip ẹlòmíràn ni yóò jẹ́ mi. Ó wá ku ffmpeg, tí Whisper fi ń ṣí fáìlì ohùn. Ìyẹn kì í gbé inú venv rárá, sudo apt install ffmpeg ló gbé e wá.

Nígbà tí Whisper ti gba ohun tó nílò láti íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀kan, mo pa Wi-Fi. Mo tẹ whisper iya07.mp3 --language Yoruba, mo jókòó tì í. Yorùbá rẹ̀ kò dán mọ́rán o. Àmì ohùn ń sọnù, ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ di ọ̀kan náà, ó sì sọ ẹlú di ohun tí n kò lè kọ síbí. Ṣùgbọ́n ó kọ àsìkò tí gbolóhùn kọ̀ọ̀kan bọ́ sí, mo sì ń fi ọwọ́ tún un ṣe. Ojú ìwé mẹ́ta ni mo gbé lọ bá ọ̀gá mi ní ọjọ́ Ajé. Ó ku ìyá 13.

Bí irú èyí bá ń ṣe ẹnikẹ́ni nínú yín, ẹ gbé kọ̀ǹpútà yín wá sí ìpàdé Sátidé tí ń bọ̀. Ẹ̀gbọ́n ti gbà láti jókòó sí ẹ̀yìn yàrá dúró dè wá, ìrẹsì ni wọ́n ní àwọn yóò gbà.