Ẹ Béèrè Ohun Tí Ẹja Jẹ

Ọ̀pọ̀ yín ló ń bi mí bóyá ẹ̀fọ́ tí wọ́n fi omi ẹja àrọ̀ bomi rin ṣeé jẹ. Ó ṣeé jẹ. Èmi náà ń jẹ ẹ́. Táńkì ẹja méjì wà lẹ́yìn ilé mi, omi tí mo bá sì gbọ́n kúrò níbẹ̀ kì í lọ sí gọ́tà, ìdí ugù àti tẹ̀tẹ̀ ló ń lọ. N kì í ra ajílẹ̀.

Oúnjẹ ẹja gan-an ni ajílẹ̀ náà. Nínú 100 gíráàmù purotéènì, nǹkan bíi 16 jẹ́ náítírójìn. Kò tó ìdajì rẹ̀ tí ẹja ń lò fún ara rẹ̀. Ìyókù ń padà sínú omi, ó ń di amóníà. (Òórùn tó máa ń ta yín nímú nílé ìtọ̀ tí wọn kò fọ̀, òun náà nìyẹn.) Bí amóníà bá pọ̀, ẹja á kú. Àmọ́ àwọn bakitéríà kan wà nínú omi àti nínú ilẹ̀ tó ń sọ ọ́ di náítíréètì, òun sì ni gbòǹgbò ẹ̀fọ́ ń fà mu. Pòtásíọ̀mù kì í fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ nínú oúnjẹ ẹja, nítorí náà mo máa ń wọ́n eérú igi díẹ̀ sórí ilẹ̀. Ẹ má dà á sínú táńkì o! Ẹ má sì sọ pé kí ẹ̀fọ́ lè tètè dàgbà, kí ẹ máa rọ́ oúnjẹ lé ẹja lórí. Èyí tí ẹja kò jẹ á kàn jẹrà síbẹ̀ ni.

Ibi tí ẹ̀rù ti ń bà mí nìyí: àwọn kan ń fi ìgbẹ́ adìyẹ bọ́ ẹja. Kòkòrò bíi salmonella lè ti ibẹ̀ wọ omi, kó sì lẹ̀ mọ́ ewé. Àwọn mìíràn ń po oògùn apakòkòrò mọ́ oúnjẹ ẹja láìjẹ́ pé dókítà ẹran sọ pé kí wọ́n lò ó. Oògùn náà ń bá ìtọ̀ àti ìgbẹ́ ẹja jáde, ó sì lè pa àwọn bakitéríà tó ń ṣiṣẹ́ fún wa.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ ra ẹ̀fọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ bi ẹni tó ń tà á pé, "Kí lẹ fi ń bọ́ ẹja yín?" Ìdí ẹ̀fọ́ ni kí ẹ máa da omi sí, kì í ṣe orí ewé. Èyí tí ẹ máa sè kò le. Lẹ́túùsì àti kùkúńbà tí à ń jẹ ní tútù ni n kì í fi omi ẹja rin rárá. Ẹni tó bá sì ní egbò lọ́wọ́, kó wọ ìbọ̀wọ́ kó tó ki ọwọ́ bọ táńkì.