Ta ló sọ pé ológbò ló pa Manuel?

Àwòrán kan wà nílé àkójọpọ̀ iṣẹ́ ọnà Metropolitan ní New York, tẹ́ni tó bá ti dúró níwájú ẹ̀ kì í tètè kúrò. Ọmọdékùnrin kan ló wà níbẹ̀, aṣọ pupa fòò ló wọ̀ látòkè délẹ̀, léèsì funfun yí i lọ́rùn ká. Manuel Osorio lorúkọ ẹ̀, ọmọ ìjòyè Altamira, ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́lá ilẹ̀ Sípéènì. Gbajúmọ̀ ayàwòrán nnì, Francisco Goya, ló fi ọ̀dà yà á. Àwọn Metropolitan ní láàárín 1787 sí 1788 ni, ìyẹn ni pé ọmọ náà ò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin lọ.

Nǹkan tó wà nílẹ̀ lẹ́sẹ̀ ọmọ yìí gan-an lọ̀rọ̀ wà. Manuel di okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan mú, ẹyẹ táwọn òyìnbó ń pè ní magpie ni wọ́n so mọ́ ọn. Káàdì wà lẹ́nu ẹyẹ, irú èyí táwọn oníṣòwò Èkó máa ń yọ lápò fún èèyàn, orúkọ Goya ló sì wà lára ẹ̀. (Ká sòótọ́, baba yẹn mọ bí wọ́n ṣe ń polówó ara ẹni!) Lápá kan, àgò tó kún fún ẹyẹ kéékèèké. Lápá kejì, ológbò mẹ́ta ló lúgọ síbẹ̀, ọ̀kan dúdú débi pé ojú ẹ̀ nìkan lèèyàn fi ń dá a mọ̀ nínú òkùnkùn. Ojú tí wọ́n fi ń wo ẹyẹ yẹn, ojú ebi ni.

Lọ́dún 1792, Manuel kú, ọmọ ọdún mẹ́jọ péré. Látìgbà náà làwọn kan ti ń sọ pé Goya ti rí i tẹ́lẹ̀, pé ikú làwọn ológbò yẹn.

Irọ́ ni. Baba wo ló máa gbéṣẹ́ fún ayàwòrán pé kó wá ya ikú ọmọ òun? Ọjọ́ tí wọ́n bí Manuel, 11 oṣù kẹrin, ọdún 1784, ló wà nísàlẹ̀ àwòrán náà, wọn ò kọ ọjọ́ ikú kankan síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rù tó wà nínú àwòrán yẹn kì í ṣe àfẹnusọ. Goya àti Josefa ìyàwó ẹ̀ bímọ títí, wọ́n ń sìnkú ọmọ ni. Ká ní ilẹ̀ Yorùbá ni, gbogbo àdúgbò ì bá ti máa pariwo àbíkú, wọn ì bá ti gbé tọkọtaya náà délé babaláwo. Javier nìkan ló dàgbà nínú gbogbo wọn, ọdún 1784 yẹn náà ni wọ́n bí i. Nígbà tí baba náà ń kun pupa aṣọ ọmọ olówó, ẹgbẹ́ ọmọ ọ̀hún ń ṣeré nílé tiẹ̀. Ṣé ti Manuel nìkan ló ń bà á lẹ́rù ni?

Ológbò ò sì tíì fò mọ́ ẹyẹ. Ọmọ náà ò tiẹ̀ wo ìsàlẹ̀, iwájú ló kọjú sí.

Javier kú ní 1854, ẹni àádọ́rin ọdún ó dín díẹ̀. Manuel tí wọ́n jọ jẹ́ ẹgbẹ́ ò pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án.